Ìjà Bàámi Kò Tíì Parí

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwọn aládùúgbò máa ń wá sí pálọ̀ wa láti wo bí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe ń fi àwòrán mú abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ìgbà kan bá ti ìgbà mìíràn jà lórí amóhùnmáwòrán. Lọ́sẹ̀ yìí, bàbá mi, Múdà Àlàó, ni wọ́n mú kojú Sájẹ́ǹtì Ògúndìran, ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí Bàámi.

"Ògúndìran le ju Múdà lọ," ni Alàgbà Fágbèmí wí.

Ìyá Ṣẹ̀yí ò gbà. "Ta ló nà nígbà ayé ẹ̀? Ẹsẹ̀ Múdà yá jù ú lọ."

Wọ́n ń jiyàn bí ẹni pé Bàámi ò sí níbẹ̀. Bàámi jókòó sórí àga, táwẹ̀lì wà lọ́rùn wọn. Ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n jẹ nígbà èwe ti gbé ọ̀pọ̀ nǹkan lọ nínú iyè wọn. Nínú amóhùnmáwòrán, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì ti bo ojú wọn.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ni ọmọ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàámi."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti jà lónìí?"

Mi ò lè parọ́ fún wọn. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni ẹ̀rọ ń mú wọn jà kó tó kéde ẹni tó jùlọ.

"Igba, Bàámi. Ó ku ẹgbẹ̀rin."

Wọ́n dìde, wọ́n fa táwẹ̀lì ọrùn wọn yọ, wọ́n sì jù ú lu amóhùnmáwòrán náà, bí olùkọ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ṣe ń ṣe tó bá fẹ́ kí wọ́n dá ìjà dúró. Ẹ̀rọ ń bá ìjà lọ. Bàámi dúró ti amóhùnmáwòrán náà, wọ́n ń retí kí agogo tó ń dá ìjà dúró dún.