Apá Tí Ìbá Gbé Màmá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ kà á tán ná.

1. Aago méjì ọ̀sán, oòrùn ń jó ni lára. Fíùsì ilé Bàbá Òtútù já lẹ́ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ háyà gbogbo ìsàlẹ̀ ilé náà ń bọ̀ láago mẹ́ta. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́sàn-án ló wà nílé ọ̀hún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Òtútù. Ọ̀kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí bàtà lásán lẹ́nu ọ̀nà! Ìjọba sì ti ṣòfin pé lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo ìlú ń fa iná pọ̀, mẹ́ta péré ni kí ilé kan lò. Fíùsì tí wọ́n fi sílé kọ̀ọ̀kan, bí ilé náà bá lo iná kọjá ìwọ̀n, yóò já.

2. Bàbá Òtútù pe àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ iná wá.

"Yọ fíùsì yẹn, fi wáyà nínípọn dípò rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, wáyà inú ògiri yìí ti gbó. Ẹ pa mẹ́fà, ó parí."

"Kí àlejò mi máa làágùn? Ṣé ìjọba ló bí mi ni?"

"Màmá ló bí wa. Màmá wà lókè, wọn ò lè rìn. Bí iná bá sọ ńkọ́?"

"Ojo! Adìyẹ láyà jù ọ́ lọ."

Àbúrò na apá dí ẹnu àpótí iná tí fíùsì wà. Bàbá Òtútù gbé òòlù. Ó fi gbá apá náà lẹ́ẹ̀kan, egungun ró kà! Ó tún gbá a. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri.

3. Bàbá Òtútù fọwọ́ ara rẹ̀ yọ fíùsì, ó ki wáyà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ṣé o rí i, ọ̀lẹ?"

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé. Àpótí bú gbàmù sí i lójú. Bó ṣe ń ké ni iná ń gun àtẹ̀gùn.

Àbúrò sáré gòkè, apá ọ̀tún rẹ̀ ń fì dirodiro. Ọwọ́ kan kò lè gbé ìyá náà. Ó fi eyín fa aṣọ rẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi. Ta ló ṣẹ́ ẹ lápá?"

Kò tíì dáhùn tí àjà fi já lé ìyá rẹ̀ lórí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òfin yẹn kì í ṣe ìyà. Ẹ pa èyí tí ẹ kò lò lọ́sàn-án. Ẹ má fi wáyà rọ́pò fíùsì láé. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Lónìí, gbogbo ilé àdúgbò náà ní iná. Ti Bàbá Òtútù ti di èédú. Àbúrò kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún di ṣíbí mú. Bàbá Òtútù ti fọ́jú, ẹ̀wọ̀n ló wà. Màmá wà ní sàárè.