Ayùn Kékeré fún Yàrá Ẹ̀yìn

Lẹ́ẹ̀mejì ni dókítà eyín náà ti lọ kí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, lẹ́yìn "ẹ káàsán, sà" àti "o káàbọ̀," ọ̀rọ̀ tán pátá. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ púpọ̀. Á jókòó, á máa wo fèrèsé, dókítà náà á máa wo bàtà ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀kẹta ń bọ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gbọ́ mi dáadáa. Iṣẹ́ igi ni bàbá mi fẹ́ràn. Wọ́n ní yàrá kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n fi ń ṣeré káfíńtà. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n fẹ́ lọ ra ayùn orí tábìlì tó ń lo iná, wọ́n ní kí o bá àwọn lọ. Màmá mi sì ní tẹ́ ẹ bá ti dé ni bàbá máa sọ bóyá a lè fẹ́ra wa."

"Yéè! Èmi tí n kò mọ̀ ju eyín lọ?"

"Ìwọ ṣáà ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, kò sì lè fojú inú wo ilé tí ọmọbìnrin náà kò ní sí níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, tí aláìsàn tó gbẹ̀yìn bá ti dìde lórí àga, á ti ilẹ̀kùn, á máa wo fídíò àwọn tó ń rẹ́ igi lórí fóònù, á sì máa kọ ọ́ sínú ìwé bí ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò.

Láàárọ̀ Sátidé, bàbá kọ́kọ́ mú un lọ wo yàrá náà. Ó mọ́ tónítóní. Òòlù, ayùn ọwọ́ àti ìfági so mọ́ ògiri lọ́wọ̀ọ̀wọ́, gbogbo wọn ń dán. Ẹ̀rún igi kan ṣoṣo ò sí nílẹ̀. Yàrá tí dókítà ti ń yọ eyín fáwọn èèyàn gan-an ò mọ́ tó báyìí.

"Báwo ni ẹnu ọ̀nà yìí ṣe fẹ̀ tó, sà?" ó béèrè. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nínú fídíò nìyẹn.

"Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta." Bàbá wá ń wo ojú rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá oníṣọ́ọ̀bù, obìnrin ẹlẹ́rìn-ín kan, to ayùn mẹ́ta síwájú wọn: ńlá kan tó tó tábìlì ìjẹun, àárín kan, àti kékeré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé ká, tó sì ní táyà méjì lábẹ́.

"Bàbá, irú igi wo lẹ máa ń rẹ́?"

"Ẹ bi ọ̀gá yìí," ni bàbá wí. "Ohun tó bá sọ ni."

Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà wo ayùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ńlá yẹn ò ní wọlé. Àárín á wọlé, àmọ́ á gba gbogbo ilẹ̀. Ààyè tí pákó máa gbà kọjá níwájú àti lẹ́yìn ayùn ló ṣe pàtàkì jù. Tẹ́ ẹ bá kọjú kékeré yìí sí ẹnu ọ̀nà, pákó gígùn á gba ibẹ̀ jáde. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ ká a, kẹ́ ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

Bàbá na ọwọ́ sí ayùn náà. "Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn. Irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn bíléèdì yẹn ńkọ́?"

"Ẹ má yọ ọ́ láéláé, sà. Òun ni kì í jẹ́ kí igi ta padà lu èèyàn."

"Láéláé," ni bàbá tún sọ, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Ó dá dókítà lójú pé máàkì ló ń kọ.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tan ayùn kékeré náà. Ó han gooro. Àwọn méjèèjì fò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ wo àwọn káfíńtà mi!" Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó na pákó kan sí wọn. "Ó yá, ta ló fẹ́ dán an wò?"

"Kí àlejò mi ṣe é."

"Ẹ má bínú, sà, n kò lè ṣíwájú àgbà."

"Rárá o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ lágbára."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ ni ayùn."

Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn lọ bẹ́ẹ̀ títí tí obìnrin náà fi gba pákó lọ́wọ́ wọn, tó sì rẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí oníbàárà tó níwà tó báyìí rí.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nílé, ẹnu wọn ò dákẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ ayùn, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n sọ̀rọ̀ eyín ọ̀gá kan tó máa ń bú mọ́ gbogbo èèyàn ní ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà kan. Wọ́n jọ gbé páálí ayùn kékeré tí bàbá rà wọ yàrá ẹ̀yìn. Bàbá wá di ọwọ́ dókítà mú.

"Àna mi, mo ti gbà. Ìdílé mi ti di tìẹ. Wá ní Sátidé tó ń bọ̀, ká jọ rẹ́ igi àkọ́kọ́."

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú dókítà. Ó sáré lọ bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Wọ́n gbà mí! Wọ́n pè mí ní àna! Àmọ́ mo gbé o, Sátidé tó ń bọ̀ la máa rẹ́gi, ọwọ́ mi ò kan ayùn rí!"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di géètì mú. "Má mikàn," ló sọ.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, bàbá ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí páálí ayùn tí kò tíì ṣí, ó sì rọra sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé: "Ọmọ yẹn mọṣẹ́ débi pé ẹ̀rù bà mí; ọmọbìnrin ẹ ló sọ fún mi pé iṣẹ́ igi nìkan ni dókítà máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, tí mo fi ra gbogbo irinṣẹ́ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí náà jọ̀ọ́, bá mi wá ẹni tó máa kọ́ mi kí Sátidé tó pé, kó má lọ mọ̀ pé n kò rẹ́ igi rí láyé mi."