Ìjẹ́rìí Bámidélé àti Àtàǹpàkò Rẹ̀

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá ní ẹ ti gbọ́. Ẹ kà á tán. Mo fi ẹ̀mí mi búra, ó ṣẹlẹ̀.

Bámidélé, télọ̀ kan nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Ní ọsibítù kan l'Óǹdó, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n gé e kúrò, ara sì yá. Dókítà kìlọ̀: "Bàbá, àìsàn yìí máa ń padà. Ẹ máa wá ká máa yẹ̀ yín wò, kódà bí nǹkan kan ò bá ṣe yín."

Hó ò! Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó ti gba máíìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Mo ti gba ìwòsàn àṣepé! Mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ọsibítù mọ́ láyé!" Ìjọ hó yè. Kò pẹ́, wọ́n fi í jẹ alàgbà.

Ẹnu rẹ̀ wá tì í mọ́lé. Títílayọ̀ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kí wọ́n lọ Oǹdó.

"Kí àwọn ọmọ ìjọ rí mi ní ọsibítù? Ṣé kí n pe ara mi lópùrọ́ ni?"

Epo wọ́n, owó mọ́tò ga nígbà yẹn lóòótọ́. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, kì í ṣe owó.

Ọdún gorí ọdún. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ wú, ó ń ta á bí iná. Ó ní sísọ́ọ̀sì ló fà á. Ó gba ìlú Oda lọ, sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi òrí wọ́ egungun. Wọ́n ń wọ́ ọ, ó ń wú, títí kò fi lè di abẹ́rẹ́ mú.

Títílayọ̀ bi í pé: "Bàbá Ìrètí, àbí jẹjẹrẹ yẹn ló padà?"

"Títí, ṣé àtàǹpàkò ni mo fi ń tọ̀ ni?"

Ìgbà tí kò lè dìde mọ́ ni wọ́n tó gbé e lọ Oǹdó. Dókítà yẹ ìka náà wò, ó mi orí. "Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ yẹn ni. Ó ṣọ̀wọ́n kó dé ìka, ṣùgbọ́n ó dé. Ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú. Ká ní ẹ ń wá ni…"



Nígbà tó kù díẹ̀, Bámidélé fi ọwọ́ òsì fa ìyàwó rẹ̀ mọ́ra: "Títí, má sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́rìí, kò burú. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní kí ẹ padà wá, ẹ padà lọ jàre! Bí nǹkan àjèjì bá wú lára yín, ẹ sọ àìsàn àtijọ́ fún un, bó ti wù kó jìnnà síbi tó ń dùn yín. Àìtètèmólè, olè ń mólóko.

Ọ̀rọ̀ tí Bámidélé sọ kẹ́yìn láyé nìyí: "Títí, má sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì."