Àdúrà fún Morẹ́nikẹ́

Díákónì Ayọ̀kúnnúmi fẹ́ di alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Sango, òní sì ni pásítọ̀ máa pinnu.

Díákónì ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n, olè tó ń jí àkókò ni! Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó kan wọlé! Èmi ò ní tẹlifíṣọ̀n nílé mi!"

Ìjọ ń ṣe àmín.

Sístà Rose bá kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi gbàdúrà fún Morẹ́nikẹ́ o. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń bá a mí ní ọsibítù."

Díákónì ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Bàbá, má jẹ́ kí Délé fọwọ́ sí i kí wọ́n yọ ẹ̀rọ yẹn! Ilé tí ìyàwó ẹ̀ kọ́ ló ń lé!"

Rose lajú. "Díákónì sà, mi ò mà dárúkọ Délé kankan."

Gbogbo ìjọ lajú wo Díákónì.

Òótọ́ ni, kò ní tẹlifíṣọ̀n. Ojú fèrèsé Àlájì Mùkáílà, aládùúgbò rẹ̀, ló ti ń wo eré tẹlifíṣọ̀n tí Morẹ́nikẹ́ àti Délé wà nínú ẹ̀ lálaalẹ́.

Pásítọ̀ ò tiẹ̀ lajú.

"Alàgbà," ló wí, "wọn ò fún wa níná ní àdúgbò wa ní Àtàn lánàá. Ṣé Délé padà fọwọ́ sí i?"