Gílóòbù Tí Kò Ní Orúkọ Lára

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi kà á tán. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò yé ṣe é.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tún rédíò àtijọ́ ṣe, àwọn tó ń lo gílóòbù onídígí nínú. Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè é, torí bí o bá gbé gílóòbù lé e lọ́wọ́, á sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, á sì sọ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Kì í ka orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, torí ta ni kò lè tẹ orúkọ? Bí irin inú rẹ̀ ṣe tẹ̀ ló máa ń wò, àti àmì wẹ́wẹ́ tí ilé iṣẹ́ fín sí ìdí dígí. Tó bá jẹ́ ayédèrú, òòlù ló máa fi fọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kó má baà tan ẹlòmíràn jẹ.

2.
Ojú ọkùnrin náà wá ń ṣe bàìbàì. Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ gba awò ojú.

"Ojú yìí ni wọ́n fi ń pè mí. Ṣé kí n wá fi awò bò ó ni?"

Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀gá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ara gílóòbù nìyẹn, torí ìyẹn tóbi, ó sì ń dán.

3.
Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan ló fi ń jẹun, torí ohùn rẹ̀ ló ń fa àwọn akọrin wá. Ó kó gílóòbù inú ẹ̀rọ náà wá kí ẹ̀gbọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Nínù ojoojúmọ́ ti pa orúkọ ara wọn rẹ́. Ẹ̀gbọ́n yí wọn síbí, ó yí wọn sọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan kà. Dípò kó sọ pé ojú òun kò ríran dáadáa, ó ní ayédèrú ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un wò. Ohùn wọn dára o."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ó fọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá fún un ní òmíràn tí oníṣòwò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá, tí orúkọ ara wọn ń dán yanran.

4.
Akọrin ń kọrin lọ́wọ́ ni gílóòbù tuntun náà di pupa fòò. Èéfín rú, ẹ̀rọ jóná kọjá àtúnṣe.

Àbúrò padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àfọ́kù ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú garawa ìdọ̀tí. Ìyàwó ọ̀gá mú ọ̀kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó sì ka àmì wẹ́wẹ́ ìdí rẹ̀ sókè. Ojúlówó ni.

Àbúrò kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bá ti sọ pé ẹ ò ríran. Ǹ bá bá yín kà á."

Ó ti yàrá náà pa. Abẹ́ ẹlòmíràn ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó ṣì máa ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ló sì ń dun ọkùnrin náà jù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kíyè sára. Ohun tí ojú yín kò bá tó, ẹ sọ pé kò tó o, kí ẹ pe ẹlòmíràn wò ó kí ẹ tó dájọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.