Tábìlì Mẹ́rin fún Bàbá Wùnmí

Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, Tiwátọ́pẹ́ ti tún kíláàsì rẹ̀ tò. Ó ti àwọn bẹ́ǹṣì mọ́ ògiri, ó sì gbé tábìlì mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá náà. Olùkọ́ Faransé ni ní ilé-ìwé girama kan ní Ọ̀wọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ ló máa ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, kí wọ́n lè máa fọwọ́ kan nǹkan bí wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló ń retí, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Sórí tábìlì kìíní, ó gbé ife, ṣíbí àti fúláàsì ògì. Sórí èkejì, ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora. Sórí ẹ̀kẹta, àwọn fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé akẹ́kọ̀ọ́ náà ní Iyere. Kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀kẹrin, àfi àga méjì tó kọjú síra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá fi káàdì ọ̀rọ̀ ti nǹkan kọ̀ọ̀kan. Àwọn káàdì náà ti gbó. Olùkọ́ tó kọ́ òun náà ní Faransé ló fọwọ́ ara wọn kọ wọ́n.

Boniface, tó ń ṣọ́ géètì, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti yé òun, òkè òkun ni Bàbá Wùnmí ń lọ. Ó ní àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti wo fọ́tò ìgbéyàwó kí wọ́n tó fún èèyàn ní físà, ìrọ̀rí sì dáa, nítorí bàlúù máa ń pẹ́ lófuurufú. Ògì nìkan ni kò yé e. Tiwátọ́pẹ́ ní kí ó ṣáà máa bá àwọn gbàdúrà.

Bàbá dé pẹ̀lú Wùnmí, ọmọ rẹ̀, tó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ nítorí ọjọ́ yìí. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Bàbá wọ̀. Iṣẹ́ ojú títì ni Bàbá ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìntì, òun àti ìwé kò sì fìgbà kan ṣọ̀rẹ́.

Ẹ̀rù ń ba Tiwátọ́pẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ìwé ló ti kọ́ Bàbá, ó sì rò pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá wọlé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í ní Faransé. Gbogbo ohun tó kọ́ fò lọ lórí rẹ̀, ó fi èdè Ọ̀wọ̀ dáhùn, wọ́n sì yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó ti wá sọ fún Wùnmí pé bí wọ́n bá tún kọ òun lónìí, òun kò ní padà lọ síbẹ̀ mọ́. Bàbá kì í sì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá di ife mú, ó dárúkọ rẹ̀. Ó ro ògì, ó bèèrè ní Faransé bóyá ó gbóná jù. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, Tiwátọ́pẹ́ kì í bá a wí. Á kàn fi ìka kan etí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí olùkọ́ tirẹ̀ ti máa ń ṣe, á sì dúró. Nígbà àkọ́kọ́ tí Bàbá rí i, ó ń wo ìka náà títí Tiwátọ́pẹ́ fi sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ní tábìlì kejì, ó tún ìrọ̀rí gbé, ó bèèrè bóyá ó rọrùn báyìí. Ní ẹ̀kẹta, ó ń na fọ́tò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: ọmọ wa nìyí, ilé wa nìyí. Nígbà tó kan fọ́tò ìgbéyàwó, ó fi etí aṣọ nù ún kó tó nà án sókè. Wùnmí jáde lọ dúró lábẹ́ igi.

Ó wá ku tábìlì kẹrin. Tiwátọ́pẹ́ jókòó, ó le ojú koko, ó sì bi Bàbá ní Faransé pé ta ni.

Bàbá ní òun ni Dominic. Ó kù díẹ̀ kí gbólóhùn náà parí, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn sì wọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Tiwátọ́pẹ́ kan etí. Ó tún un sọ, ó tún wọ́. Bàbá bá dìde.

“Ọmọ mi, àtikékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀.”

“Bàbá, kò dìgbà tó bá dùn létí. Ẹ ṣáà sọ ọ́ tán, kí ẹ má sá.”

Wùnmí ló wa mọ́tò. Bàbá ń jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀ṣọ́ tú àpò wọn wò, ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa wọlé. Bàbá gbé fúláàsì àti fọ́tò, ó wọlé. Tiwátọ́pẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, èyí tí wọ́n bi Bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá gan-an ni. Bàbá kọ́kọ́ gbé fúláàsì kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dáhùn, ó sì sọ ọ́ dópin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ṣì wọ́.

Lórí ibùsùn ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, Màdáàmù tó kọ àwọn káàdì yẹn, ìyá Wùnmí, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àti létí wọn tó sì ṣẹ́ Faransé nìkan kù, wo ọkọ wọn lójú títí, wọ́n gbé ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, wọ́n sì fi ìka kan etí lẹ́ẹ̀mejì.