Ẹ Ka Ìlà Ìsàlẹ̀

"Bàbá, ẹ ka ìlà ìsàlẹ̀ yẹn fún mi." Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ojú òsì bàbá awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì.

Bàbá náà rí àwọn lẹ́tà tó wà lára pátákó ara ògiri kedere, títí kan èyí tó kéré jù. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí oògùn tuntun tí wọ́n ń dán wò yìí bá ti la ojú rẹ̀, wọn kò ní pè é wá sílé ìwòsàn mọ́. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sẹ́lòmíì tó ń fọwọ́ kàn án lójú, tó ń bi í bóyá ó sùn.

"Bàìbàì ni. Ó dà bí èèrà tó ń tò lọ."

"Ẹ tún un wò, Bàbá mi. Ẹ kàn ń ṣẹ́jú sí mi bí ọkọ ìyàwó!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó gbé e mì. "N ò rí i, ọmọ mi."

Dókítà tó ń darí ìwádìí náà wọlé, ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Gbogbo ẹ̀yin tí a fún ní oògùn yìí, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ń sọ. Kò ṣiṣẹ́. Òní la máa pa á tì."

Awakọ̀ tún wo ìlà ìsàlẹ̀ náà, ó sì dìde. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lórí bẹ́ǹṣì, ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ń gba oògùn náà ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Òwú náà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó ti gbọ́ ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì, ó ti abẹ́rẹ́ náà bọ àpò, ó dìde, ó sì ń fọwọ́ wá ògiri bí ẹni tí kò ríran.